Ìjà Oníẹ̀wù, Ìjà Aláìlẹ́wù: Ohun Tí Ojú Rẹfirí Rí

Ọrùn ènìyàn ni mo fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n wò. Kì í ṣe ọrùn tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ o. Ọrùn àwọn oníjàkadì ni, nígbà tí ẹnìkan bá ti há ẹnì kejì lọ́fun lórí ẹní, tí mo sì gbọ́dọ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ẹni tó wà nísàlẹ̀ ṣì ń mí. Rẹfirí ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Ìṣẹ́yìn ni mo ń gbé, Bàbá Wàsílà sì ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe a máa yà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n á ní, "Bàbá, ṣé èèyàn lè fi ìjàkadì jẹun?" Mo jẹun níbẹ̀, mo sì tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ju oúnjẹ lọ.

Ìyá mi ń hun kíjìpá, bàbá mi ń hun aṣọ òkè. Ìdí òfì ni bàbá mi rò pé èmi náà máa gbó sí. Àmọ́ nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama, ọkùnrin kan dé sí ìlú wa, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, Sájẹ́ǹtì Kàrímù. Ibi iṣẹ́ sójà ló ti kọ́ ìjàkadì àwọn ará Japáànù, èyí tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù tó nípọn, tí wọ́n á fi bẹ́líìtì dì í ní ìbàdí. Ó gba àká àtijọ́ kan tí wọ́n ti ń sá tábà lẹ́yìn ìlú, ó gbá a mọ́, ó rọ èèpo ìrẹsì sínú àpò, ó tò wọ́n sílẹ̀. Ẹní wa nìyẹn.

Nínú ìjà yìí, bí o bá gbé èèyàn ṣubú, ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Ilẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. O lè fi kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ há a lọ́fun. O lè ká a lápá títí yóò fi mọ̀ pé bí òun bá ṣe agídí, apá á yẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ yóò fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ tàbí ara ẹni tó dì í mú. Ó ti túúbá nìyẹn. Ìjà parí, kálukú á dìde pẹ̀lú ara rẹ̀ ní pípé. Àwọn kan wà tí kò ní túúbá, tí wọn ò sì ní mú kí ẹlòmíì túúbá, rẹfirí á wá ka àmì fún wọn, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Sájẹ́ǹtì fi kọ́ wa ní ìṣubú nìkan. A ṣubú síwájú, a ṣubú sẹ́yìn, a ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti tòsì. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ráhùn pé ìjà lòun wá kọ́, òun ò wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Sájẹ́ǹtì wò ó títí. Ó ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ìwọ ò tíì mọ èyí tí wàá wò. Padà sórí àpò." Ìyá mi ló hun kíjìpá tí wọ́n fi rán ẹ̀wù mi àkọ́kọ́. Ó le bí awọ. Bí mo bá wọ̀ ọ́ dé pẹ̀lú ìdọ̀tí, Sájẹ́ǹtì á ní kí n padà sílé lọ fọ̀ ọ́, kò ní wo pé máìlì méjì ni mo rìn wá.

Mo lágbára díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀gá fi rí i pé apá mi kọ́ ló dára jù lára mi. Ó máa ń jókòó tì mí níbi tí àwọn méjì bá ti ń jà, á kàn ṣàdédé bi mí pé, "Ọwọ́ òsì ẹni ìsàlẹ̀ ńkọ́?" Bí mi ò bá mọ ibi tó wà, èmi ni màá fọ ẹ̀wù gbogbo wa lọ́jọ́ náà. Mo fọ ẹ̀wù títí awọ ìka mi fi ń bó. Nígbà tó yá, mo ń dáhùn kó tó bi mí.

Lọ́jọ́ kan, ó pè mí sáàárín. Ó ní, "Mo fẹ́ sọ ẹ́ di rẹfirí. Àmọ́ kó o tó dájọ́ ọrùn ẹlòmíì, ó yẹ kí ọrùn tìrẹ jẹ́rìí." Ó fa kọ́là mi láti ẹ̀yìn, ó fún un. Ó ní kí n má túúbá. Etí mi kọ́kọ́ hó, ojú mi wá dín kù bíi pé mò ń wo ayé láti inú igò. Ohun tí mo tún gbọ́ ni ewúrẹ́ tó ń ké níta, mo sì ń ronú pé ewúrẹ́ ta ni. Mo ti dákú, mo ti jí. Ọ̀gá ń gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Bó ṣe ń rí nìyẹn. Kò sí ẹni tí wàá fi sílẹ̀ kó dé ibẹ̀." Mo mọ̀ pé ẹlòmíì lónìí á ní ìwà ìkà ni, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó dán an wò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí ọrùn ẹnikẹ́ni bá há, tèmi ló ń há.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ eré ìdárayá gbà mí, mo ń dájọ́ káàkiri, Ṣakí, Ìlọrin, Ìbàdàn. Àwọn àpò èèpo ìrẹsì di rọ́bà aláwọ̀ méjì. Kíjìpá di ẹ̀wù funfun tí wọ́n ń rà látòkèèrè. Agogo tí a máa ń lù di fóònù tó ń ka àkókò. Sájẹ́ǹtì Kàrímù kú, kí Ọlọ́run forí jì í. Mo di ẹni tí wọ́n ń pè bí ìjà bá le. Mo rò pé mo ti mọ ohun gbogbo tí ojú rẹfirí yẹ kó rí.

Lẹ́yìn náà ni ìjà aláìlẹ́wù dé.

Orí fóònù ni àwọn ọ̀dọ́ ti rí i. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n bọ́ bẹ́líìtì, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lẹ̀ mọ́ ara típẹ́típẹ́. Kò sí kọ́là tí èèyàn lè fà, òógùn á sì jẹ́ kí ara máa yọ̀ bí ilá. Wọ́n bi mí bóyá mo lè dájọ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìjà kan náà ni. Ẹ̀wù nìkan ni wọ́n bọ́." Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ló kó mi sí wàhálà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ṣakí ni a ti ṣe ìdíje aláìlẹ́wù àkọ́kọ́ ní gbogbo Òkè-Ògùn, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan. Ọmọbìnrin kan wà tí gbogbo wa fẹ́ràn, Ṣékínátù, ọmọ àgbẹ̀ oníṣu ní Ògbòòrò. Ebè kíkọ ti sọ apá rẹ̀ di irin. Nínú ìjà oníẹ̀wù, mi ò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni mú un túúbá. Wọ́n fi ọmọbìnrin kan láti Ìbàdàn kò ó lójú, ọmọ yẹn kò tó o lára rárá. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn jókòó sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há itan Ṣékínátù, ó sì gbé gìgísẹ̀ Ṣékínátù sábẹ́ apá ara rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo wo ọrùn. Kò sí ọwọ́ lọ́rùn Ṣékínátù. Mo wo apá. Apá rẹ̀ wà lómìnira. Ọkàn mi balẹ̀. Ṣékínátù gan-an ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo ìyá rẹ̀ láàárín èrò bíi pé ó fẹ́ bi í pé kí lọmọ yìí ń fẹsẹ̀ òun ṣe. Ọmọ Ìbàdàn wá yí ara padà.

Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ.

Ṣékínátù kò tètè ké. Ó kọ́kọ́ wo orúnkún rẹ̀, ó wò ó bíi pé ti ẹlòmíì ni, ó tó wá figbe ta. Ọmọ Ìbàdàn ti fi í sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ń sunkún, ó ń wí pé, "Mo rò pé ó máa túúbá ni! Kí ló dé tí ò túúbá?" Èmi tó yẹ kí n ti dá ìjà dúró, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, lẹ́yìn náà wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tí wọ́n dá a padà sílé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ògbòòrò. Inú oko ni mo bá bàbá rẹ̀, ó ń dá ebè kọ. Mo kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ṣékínátù." Ó jẹ́ mi, ṣùgbọ́n kò sọ ọkọ́ sílẹ̀. Ó kọ ebè kan parí, ó tó yíjú sí mi.

"Rẹfirí, kí lẹ̀ ń wò lọ́jọ́ náà?"

Mo ní, "Ọrùn ni mò ń wò, bàbá."

"Ẹsẹ̀ ọmọ mi ló já."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ṣé ẹ ò mọ̀ pé wọ́n lè fa ẹsẹ̀ ni, àbí ẹ mọ̀, ẹ dákẹ́?"

Ìbéèrè yẹn gún mi ju bí ì bá ṣe nà mí lọ. Mo jẹ́wọ́ fún un pé mo mọ̀ pé wọ́n ń fa ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n débi tí màá fi mọ ìgbà tó ń di ewu. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ebè. Ó ní kí n dìde, ó ní dídọ̀bálẹ̀ mi ò ní kọ ebè fún òun.

Nílé, Ṣékínátù jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Ó bá mi sọ̀rọ̀ bíi pé èmi ni mo fara pa. Ó ní, "Bàbá Wàsílà, ẹ má dá ara yín lẹ́bi tán. Èmi náà ò mọ̀. Kò dùn mí rárá, àfi ìgbà tó já."

Gbogbo ọ̀nà tí mo gbà padà ni mò ń ro gbólóhùn yẹn. Bí wọ́n bá há èèyàn lọ́fun, ọ̀fun á kìlọ̀ fún un. Bí wọ́n bá ká apá, apá á pariwo. Àmọ́ bí wọ́n bá yí gìgísẹ̀, orúnkún kì í sọ̀rọ̀ àfi tó bá ti lọ. Ẹni tí kò bá ní ìmọ̀ rẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó yẹ kóun túúbá.

Mo ra ìwé kan, mo fi rúlà là á sí méjì. Apá kan, oníẹ̀wù. Apá kejì, aláìlẹ́wù. Ìjà èyíkéyìí tí mo bá rí, mo ń kọ bó ṣe parí: ṣé àmì ni àbí ẹnìkan túúbá, bó bá túúbá, ṣé ọrùn ni, apá ni, àbí ẹsẹ̀, ṣé ó tètè ṣẹlẹ̀ àbí ó pẹ́. Lásìkò yẹn, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn oníjàkadì. Àwọn kan ní títúúbá pọ̀ nínú ìjà oníẹ̀wù, nítorí pé ẹ̀wù fún èèyàn ní nǹkan tó lè dì mú. Àwọn kan ní irọ́ ni, pé aláìlẹ́wù ló pọ̀ sí, nítorí pé ó yá, ó sì burú. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan wà ní Ìṣẹ́yìn tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí fa ẹ̀wù ara wọn ya, wọn ì bá sì di aláìlẹ́wù lóòótọ́.

Lẹ́yìn bí ọdún kan àbọ̀, mo ka ìwé mi. Aláìlẹ́wù ló pọ̀ sí, ó sì pọ̀ gan-an. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti rí ìdáhùn. Mo gbé e lọ fi han Ṣékínátù. Nígbà náà, ó ti ń fi ọ̀pá rìn, ó sì ti gbà kí òun máa bá wa kọ àkọsílẹ̀ nídìí tábìlì ìdíje. Ó yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá Wàsílà. Àwọn wo ló ń bọ́ ẹ̀wù jà?"

Mo ní, "Àwọn ará Ìbàdàn, àwọn ará Ìlọrin. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀."

"Àwọn wo ló ń wọ ẹ̀wù?"

"Àwọn ọmọ ilé ìwé wa ló pọ̀ jù."

"Ṣé ẹ wá rí i? Ẹ mú iṣu tó ti gbó láti oko kan, ẹ mú èyí tí wọ́n gbìn lánàá láti oko kejì, ẹ wá ní ilẹ̀ ló mú kí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ."

Ojú tì mí, àmọ́ inú mi tún dùn. Ọlọ́gbọ́n ọmọ níí mú inú bàbá rẹ̀ dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kọ́ ni mo bí i. A jókòó, a ṣa orúkọ àwọn tó ti jà lọ́nà méjèèjì, àwọn yẹn nìkan la kọ sínú ìwé tuntun. Ó gbà wá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tí a parí, ìyàtọ̀ tí mo ń fi yangàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ẹ bá ní kí n búra lónìí pé títúúbá pọ̀ nínú ọ̀kan ju èkejì lọ, mi ò ní búra. Ìwé wa kéré, kì í ṣe ìwé ọ̀mọ̀wé.

Ohun tó yàtọ̀, tí kò sì parẹ́ bó ti wù ká tò ó, ni ibi tí títúúbá ń gbà wọlé. Nínú ìjà oníẹ̀wù, ọrùn ló pọ̀ jù, lẹ́yìn náà apá, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ẹ̀wù ń mú kí gbogbo nǹkan falẹ̀. Nínú aláìlẹ́wù, ọrùn ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti wá jókòó tì í. Ó sì máa ń yá. Bí òógùn bá ti bo ara tán, kò rọrùn mọ́ láti di ẹnikẹ́ni mú, àmì ni wọ́n á fi parí rẹ̀. Àwọn tuntun ni ẹsẹ̀ sì ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù.

A gbé ìwé náà lọ bá àwọn àgbà ìjàkadì níbi ìpàdé wọn. Ohun tí a bẹ̀ fún kò pọ̀: kí wọ́n má jẹ́ kí ẹni tí kò tíì lo ọdún méjì yí gìgísẹ̀ ẹnikẹ́ni, kí rẹfirí sì lè dá ìjà dúró bí orúnkún bá ti ń yí, bí ẹni náà ò tilẹ̀ túúbá. Ọ̀kan nínú wọn fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ẹsẹ̀, kó lọ ta ayò." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ṣékínátù dìde. Kò fi ọ̀pá náà ti ara mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, mi ò bẹ̀rù ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wọlé. Ọdún kan gbáko ni mi ò fi lè fi í rìn, bẹ́ẹ̀ mo ṣì fẹ́ jà. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi lè jà pẹ́." Ẹ̀rín tán. Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbà pé kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìdíje Òkè-Ògùn.

Ìdíje tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo wà lórí ẹní. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ìpàpó ń jà ní àṣekágbá. Wọ́n mú un lẹ́sẹ̀, mo rí i tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo bẹ́ lé wọn lórí, mo dá ìjà dúró. Ó fò dìde. "Mi ò túúbá! Ẹ gba ìjà mọ́ mi lọ́wọ́!" Àwọn èrò ń sọ píọ̀ wọ́tà lù mí, omi ń ro lára mi. Mi ò yí ohùn padà. Ó jáde láìkí mi. Lọ́jọ́ kẹta, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti mú òun lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì fi han òun bó ṣe kù díẹ̀ kí orúnkún òun já lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá." Mo ti gba ìwé ẹ̀yẹ mélòó kan nínú iṣẹ́ yìí. Mi ò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ọmọ yẹn.

Ṣékínátù padà sórí ẹní. Ó jà fún ọdún díẹ̀ sí i, ó borí, wọ́n borí rẹ̀, ó ti wá ní ibi ìkọ́ni tirẹ̀ ní Ṣakí báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí i. Bí mo ṣe jókòó ni tíṣà obìnrin kan mú ọmọ rẹ̀ dé, ọmọ bí ọdún mọ́kànlá. Tíṣà kí wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kó kọ́, oníẹ̀wù ni àbí aláìlẹ́wù?" Ṣékínátù yíjú sí mi, ó ní kí àgbà dáhùn.

Mo ní, "Méjèèjì. Àmọ́ ohun tó máa kọ́kọ́ kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń túúbá."

Ọmọ náà wò mí bíi pé mo ti tàn án wá síbẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹni tó bá túúbá kò ti pàdánù ni?"

"Ó ti pàdánù tòní," ni mo wí. "Ọ̀la ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó ronú sí i. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo àwọn tó ń yí gbirigbiri lórí rọ́bà. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n síbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to tiwọn sí, ó sì gorí ẹní lọ.